Ohun Tí Des Kọ Sára Ògiri Pascoe

Orí àga oníke ni Lorna Pascoe dúró sí lọ́jọ́ tí Des Hanrahan kọ́kọ́ rí i. Kò wọ bàtà, igi ìgbálẹ̀ ló sì fi ń lu páànù tó ti já níwájú ilé ìpàtẹ kápẹ́ẹ̀tì àti bẹ́ẹ̀dì òun àti bàbá rẹ̀, kí atẹ́gùn ìlú Cobar má baà ká a lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀," ni Des wí. "Èmi lẹ pè pé kó wá tún un ṣe."

"Ó di ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ti ń retí yín." Kò bínú. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Ó rẹ Des náà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń tún iwájú ṣọ́ọ̀bù ṣe láti ìlú dé ìlú, inú ilé onítáyà tó ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ló ń sùn, orúnkún rẹ̀ sì ti ń ké bí ilẹ̀kùn tó ń wá epo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta niṣẹ́ yìí: kó tú páànù àtijọ́, kó kan tuntun, kó máa lọ.

Àmọ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Lorna á gbé tíì jáde. "Alákàbà, sọ̀kalẹ̀, tíì ti ń tutù." Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan tí kò tíì rí ẹni rà á.

"Bẹ́ẹ̀dì yìí mà le o," ni Des wí.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ jókòó lé e tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó o bá fọ́ ọ, o ti rà á nìyẹn."

Alf, bàbá Lorna, máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Kò lè ka ìwé ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wà lọ́nà jíjìn tí kì í rí. "Lorna, má fọkàn tẹ ọkùnrin tí ilé rẹ̀ ní táyà," ló máa ń sọ, Des ì báà gbọ́. Awakọ̀ lọkọ tí Lorna fẹ́ tẹ́lẹ̀; ó wakọ̀ jáde lọ́jọ́ kan, kò padà. Nítorí náà Lorna kì í bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Des fẹ́ dúró débi pé ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni yóò fi sọ ọ́?

Àṣà àwọn tó ń kan páànù mọ́ ògiri ni pé wọ́n á kọ orúkọ ara wọn sára bíríkì kí wọ́n tó bò ó. Lọ́jọ́ tí ó tú páànù àtijọ́ tán, tí ògiri wà ní ìhòòhò, lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, Des fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ rẹ̀ sókè lábẹ́ òrùlé. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró níbẹ̀. Ó fi kún un pé: Ó wù mí kí n dúró ti Lorna. Páànù ló ṣáà máa bò ó lọ́la.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Lorna fọwọ́ pa bíríkì lára. "Des, má kan nǹkan kan mọ́ ọn mọ́. Bíríkì yìí wù mí bẹ́ẹ̀. Fi páànù tuntun yẹn ṣòrùlé ibi ìkẹ́rùsí."

Des yára fèsì: "Ó ti dọ̀tí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ nù ún."

Ó ti mú àkísà, ó ti ń gun àkàbà lọ, nígbà tí Alf sọ̀rọ̀. "Dúró ná. Kí ni wọ́n kọ sókè yẹn?" Ó sì kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ọmọ ilé ìwé.

Des dúró láàárín àkàbà, kò lè gòkè, kò lè sọ̀kalẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń po tíì fún ẹ," ni Lorna wí. "Ògiri lo wá lọ sọ ọ́ fún."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ó ti rẹ̀ mí láti máa wo ojú ọ̀nà, Des. Tó o bá máa lọ, tètè lọ."

Des sọ̀kalẹ̀. Ó mú jáàkì àti sípánà, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ síbi tí ilé rẹ̀ wà, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú táyà. Lorna dúró wò ó títí, kó tó lọ kó àwọn bíríkì kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wá. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbé ilé náà kà wọ́n.

"Ó ku ọ̀kan," ni Alf, tó ti yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wí látọ̀ọ́kán. "Èyí tó fi kọ́ ẹ̀yìn."

Des tú táyà àfikún náà, ó yí i lọ síwájú ẹsẹ̀ bàbá. Alf gbẹ́sẹ̀ lé e.

"Lorna, lọ po tíì," ló wí. "Kó o kọ́kọ́ bu ti ọkọ ẹ."