Kànáfùrù Lẹ́nu Bàbá Ràmọ́nù

“Ẹ dì mí mú dáadáa, Bàbá!” ni Fàúzíyàtù kígbe. Alùpùpù sémíjàn tí wọ́n gùn ti fò sókè nínú kòtò ọ̀nà Ìgòlò. Ràmọ́nù, bàbá àgbà rẹ̀, rẹ́rìn-ín sí i létí. Òórùn kànáfùrù gba imú ọmọ náà kan.

Ó mọ ibi tí òórùn yẹn ti wá. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti ń ki kànáfùrù bọ ihò eyín kan lápá òsì. Ìrora lọ, Bàbá ní ó ti san. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú díẹ̀, apá ọ̀tún nìkan ló sì fi ń run orín.

“Ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ni o,” ni Bàbá ti sọ fún un. “Bí o bá tú u síta, má bá mi lọ oko mọ́.”

Ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ eyín ni Bàbá ń bẹ̀rù. Ní ti Fàúzíyàtù, kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó oko Ko-Koumolou lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá níwájú, òun lẹ́yìn, àwàdà lọ, àwàdà bọ̀.

Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Bàbá ni sémíjàn ń gbé wọn lọ gbọ́ nílé ìwòsàn. Ojú Dókítà Scholastique kò túká.

“Bon. Bàbá, ẹ rántí pé iṣan ńlá kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn yín ti dí. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà wá fi hàn pé nǹkan kan ń wú nínú ara yín. Àmì yẹn ga jù. Bó bá jẹ́ iṣan ọkàn ni, ewu wà. Ẹ má rìn lọ oko mọ́. Ẹ óò lọ sí Kútọnu kí wọ́n tún ọkàn yín wò.”

“Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn, kì í ṣe ọkàn.”

“Ṣé ibì kankan ń dùn yín?”

“Rárá.” Bàbá wo Fàúzíyàtù. Wíwò náà le.

Ọmọ náà tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá. “Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, eyín ni. Kànáfùrù ni wọ́n fi dí i.”

Dókítà tan iná sí Bàbá lẹ́nu. “Ah bon! Oówo wà nídìí eyín, ẹ wá fi kànáfùrù bò ó? Kànáfùrù ń pa ìrora, kì í pa oówo. Ẹ jẹ́ ká yọ eyín yìí ná, ká tó sọ ti Kútọnu.”

Wọ́n kọ́kọ́ wo oògùn ọkàn tí Bàbá ń lò, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà jù, kí wọ́n tó yọ eyín náà. Bàbá ti ké kí ẹ̀mú tó kàn án. Láti ọjọ́ yẹn, kò bá Fàúzíyàtù sọ̀rọ̀ mọ́. Sátidé dé, ó jókòó sílé bí dókítà ti wí, ó kọjú sí ògiri. Fàúzíyàtù gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sunkún lọ. Sátidé mìíràn rí bákan náà.

Nígbà tí wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀, àmì náà ti wálẹ̀. Dókítà gbé àwòrán ọkàn tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ ní Kútọnu síwájú wọn.

“Eyín ló ń dà wá láàmú. Ẹ wò ó, ibí ni iṣan ńlá ti dí. Àwọn iṣan wẹ́wẹ́ yìí ti dàgbà yí i ká, wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ kọjá. Ó ṣeé ṣe kí ìrìn yín wà lára ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́.”

Bàbá tẹjú mọ́ ọn. “Bí ìgbà tí wọ́n ti bodè Ìgòlò pa, tí àwọn sémíjàn ń gba ẹ̀bùrú?”

“Voilà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni!”

“Àwọn aṣọ́bodè kò tíì rí wọn?”

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ rọra máa rìn, ẹ máa lo oògùn. Bí àyà bá ń fún yín, ẹ dúró, ẹ pè mí.”

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ọ̀pá Bàbá kan ilẹ̀kùn Fàúzíyàtù.

“Olófòófó! Oòrùn ti yọ. Ṣé èmi ni yóò ru agbọ̀n ni?”

Ó fò jáde. “Bàbá, ẹ ti dárí jì mí?”

“Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Tèmi kò tiẹ̀ wọ ẹnu ara mi.” Bàbá mú ọ̀nà pọ̀n. “Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o bo ohun tó lè pa òun, má bò ó. Bó jẹ́ èmi náà ni.”

Wọ́n kọjú sí Ko-Koumolou. Bàbá ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì run orín, ẹ̀rín Fàúzíyàtù sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣan ńlá náà ṣì dí, àwọn wẹ́wẹ́ sì ń gba ẹ̀bùrú.