Ẹsẹ̀ Tí Kò Balẹ̀

Ẹni tó bá wù kó pè é ní irọ́. Àwọn tó ń wòran lọ́jọ́ náà kò dín ní ogójì, a ò sì lè kó gbogbo wọn pọ̀ ká ní oorun ló ń kùn wọ́n. Ọ̀sán ló ṣẹlẹ̀, oòrùn ń wọlé sínú gbọ̀ngàn eré láti ojú fèrèsé òkè, gbogbo nǹkan hàn kedere.

Rẹfirí básíkẹ́ẹ̀tì ni ọkùnrin náà, ó sì ti lé lógún ọdún nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Má-tẹ̀-ẹ́ làwọn agbábọ́ọ̀lù ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ ìlà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti sún mọ́ etí pápá báyìí, ojú rẹ̀ á wálẹ̀, á di mọ́ ìlà funfun yẹn bí ìgbà tí ológbò ń ṣọ́ ihò eku. Kì í wo bọ́ọ̀lù. Kì í wo ojú èèyàn. Ẹsẹ̀ ló ń wò. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá jí ìyàwó rẹ̀ gbé, bàtà ni yóò ṣàpèjúwe fún ọlọ́pàá.

Òfin tó gbójú lé kò pọ̀. Ìlà kì í ṣe ti inú, ti ìta ni. Ẹni tó bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kàn án ti jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfuurufú kì í ṣe ìta. Ẹni tó bá fò láti inú, inú ló ṣì wà, bó tilẹ̀ ré kọjá ìlà, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi balẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti mọ èyí lórí kí wọ́n tó mọ̀wé, àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n jù. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún ni, nọ́ńbà mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n gbójú lé láti fò gba bọ́ọ̀lù padà tó bá ti fẹ́ bọ́ síta.

Kò yẹ kí bàbá darí eré tí ọmọ rẹ̀ ń gbá. Àmọ́ ara rẹfirí tó yẹ kó wá kò yá, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé Bàbá Má-tẹ̀-ẹ́ kì í ṣojúsàájú.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí. Bọ́ọ̀lù yọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó forí lé ìta. Ọmọ náà sáré tẹ̀ lé e. Ojú bàbá rẹ̀ wálẹ̀. Ó rí bàtà funfun méjì. Ẹsẹ̀ òsì ló gbéra kẹ́yìn, kò sì ju ìbú ìka kan lọ tó fi jìnnà sí ìlà. Ó dáa. Ó ṣì wà nínú. Bọ́ọ̀lù fò padà kọjá lórí bàbá náà, ó dún gbì lórí pákó ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Rẹfirí kò yíjú. Ó ń dúró de ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ kò dé.

Ó kọ́kọ́ rò pé òun ṣẹ́jú ni. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín ìlà àti ògiri, kò sì sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ó gbójú sókè. Kò sí ẹnikẹ́ni. Eré ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, bàtà ń ké lórí pákó, àwọn èèyàn ń pariwo. Fèrè wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè fọn ọ́n. Kí ni yóò fọn ọ́n fún? Kò sẹ́ni tó tẹ ìlà. Kò sẹ́ni tó jáde. Aago dún, eré parí, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ kan fi ku èèyàn mẹ́rin dípò márùn-ún.

Ó lọ bá akọ̀wé eré nídìí tábìlì.

"Nọ́ńbà mẹ́jọ dà?"

Akọ̀wé wo ìwé. "Wọn ò pààrọ̀ ẹ̀, sà."

"Mo ní níbo ló wà?"

"Inú eré ni, sà. Mi ò rí ibi tó ti jáde." Akọ̀wé gbójú sókè, ó wo pápá. Ó tún un wò. Ó wá dìde nídìí tábìlì.

Wọ́n wá a títí. Wọ́n wá orí àjà, wọ́n wá ilé ìtọ̀. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu ọ̀nà ló gbà lọ, kí wọ́n ṣáà lè rí nǹkan kọ.

Ìyá ọmọ náà kò sunkún lọ́jọ́ kìíní. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, ó ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

"Báwo lojú ẹ̀ ṣe rí?" ló bi ọkọ rẹ̀. "Ṣé ẹ̀rù ń bà á?"

"Okùn bàtà òsì ẹ̀, kókó méjì ló ta sí i."

"Ojú ẹ̀ ni mo bi yín, Bàbá."

Odidi eré ló fi wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbànújẹ́ náà jókòó sí i láyà bí ọmọ ọlọ.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń lọ sí gbọ̀ngàn náà, tó ń dúró sétí ìlà. Nígbà tí ibẹ̀ bá dákẹ́, ó máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan: èémí tí ẹnì kan fà sínú, kúkúrú, bí ẹni tó fẹ́ fò. Á dúró kí onítọ̀hún mí i jáde. Kì í mí i jáde. Bàbá náà á lọ sílé, á jẹun díẹ̀, á padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ní oṣù kẹta, àwọn tó ni gbọ̀ngàn ní àwọn fẹ́ tú pákó ilẹ̀ náà, kí àwọn sọ ibẹ̀ di ibi ìkẹ́rùsí. Àwọn káfíńtà dé. Rẹfirí dúró lójú ìlà, kò kúrò. Bí wọ́n bá tú ìlà, kí ló kù tí yóò máa jẹ́ inú?

"Bàbá, pákó lásán nìyí o," ni ọ̀gá káfíńtà wí.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fún mi ní wákàtí kan."

Wọ́n lọ jẹun. Ìyàwó rẹ̀ ló wọlé lẹ́yìn wọn.

"Ẹ fọn fèrè yẹn," ló wí. "Ẹ fọn ọ́n kó lè balẹ̀."

"Ìta ló máa balẹ̀ sí."

"Kó balẹ̀ síta! Èmi á gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tó ti wà lókè. Á ti rẹ ọmọ mi."

"Ìyá, mi ò mọ ibi tí ìta yẹn wà."

Rẹfirí fẹ́ fi ọwọ́ bo fèrè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin náà ti bọ́ ọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó débẹ̀, ó fi sẹ́nu. Kò fọn fèrè rí láyé rẹ̀. Ó dún tín-ín-rín, ó gbọ̀n, ó tán.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Wọn ò tiẹ̀ gbọ́ ohùn àwọn káfíńtà níta mọ́.

Ẹnì kan mí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá náà na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

Ẹsẹ̀ kan balẹ̀. Ìkejì balẹ̀. Kì í ṣe lórí pákó. Ó jìn, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rìn nínú ilé tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn méjèèjì mọ ìrìn náà. Ìyá rẹ̀ pè é lórúkọ. Ìrìn náà dúró. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ já. Ẹsẹ̀ náà tún gbéra, ó ń lọ, kò sáré, ó ń jìnnà sí wọn, títí wọn ò fi gbọ́ ọ mọ́.

"Kò padà," ni ìyá náà wí. "Ṣé ẹ gbọ́? Ó gbọ́ mi, kò padà."

Ọwọ́ ọ̀tún rẹfirí ti wà lókè, àtẹ́lẹwọ́ ṣí sílẹ̀. Kò mọ ìgbà tó gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn rẹfirí ń ṣe bí bọ́ọ̀lù bá jáde: wọ́n á gbé ọwọ́ sókè kí aago dúró, wọ́n á wá nà án sí apá ibi tí eré yóò gbà. Àwọn káfíńtà ti ń padà wọlé, ọ̀gá wọn ń bi í bóyá àwọn lè bẹ̀rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lókè, kò mọ apá ibi tí òun lè nà án sí.