Asẹ́ Tó Ń Jẹ Bátìrì

Ọmọbìnrin aránṣọ bá atúnrédíò ní ojú dídì. Ó fi etí lé sípíkà kékeré kan, ó sì na ìka kan sókè pé kí ẹni tó wọlé dúró ná. Ọmọbìnrin náà dúró. Nígbà tí ọkùnrin náà lajú, tó rí ẹ̀rín tó ń dúró dè é, ó gbàgbé ohun tó ń gbọ́.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Etí bàbá ti wúwo, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ló sì ń kùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gbogbo kíkùn náà ni ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ń gbé ga, ọ̀rọ̀ ènìyàn a sì rì sínú rẹ̀.

Ìbẹ̀wò kan di mẹ́wàá. Ìfẹ́ wọlé wẹ́rẹ́. Àmọ́ ohùn atúnrédíò rọlẹ̀ bí òwú, bàbá sì ti sọ ọ́ ní Ohùn-Ẹ̀fọn. Ó ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tí òun ò gbóhùn rẹ̀ rí. Kó wá fẹnu ara rẹ̀ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òun, kó má pariwo mọ́ òun. Òun ò sì ní dá iṣẹ́ dúró nítorí àlejò.

Atúnrédíò fi kapásítọ̀ kan àti resísítọ̀ kan ṣe asẹ́ kékeré, èyí tí í dènà ìró tó wúwo bíi kíkùn ẹ̀rọ, tí í jẹ́ kí ìró tó fẹ́ẹ́rẹ́ bí ohùn ènìyàn kọjá. Ó ń fi yangàn pé kì í jẹ bátìrì rárá.

“Ohun tí kì í jẹun, ṣé ó lè ṣiṣẹ́?” ni olólùfẹ́ rẹ̀ fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

Wọ́n gbé e lọ fún bàbá. Bàbá fi ẹ̀rọ náà sétí, ó mi orí. “Ariwo ti lọ,” ló wí, “ó sì kó gbogbo yín lọ.” Ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré tí òun á tún dán an wò.

Atúnrédíò ronú títí. Asẹ́ rẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó dá dúró, àmọ́ kò ní agbára tirẹ̀. Ńṣe ló ń bu díẹ̀ jẹ lára ohùn tó ń kọjá. Àṣé yẹ̀yẹ́ ọjọ́sí kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá fi áísì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan, ẹ̀yà rédíò tí í gbé ohùn ga, kún un, kó máa gba agbára lára bátìrì, kó máa fi gbé ohùn tó ti sẹ́ dìde.

“Àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni bátìrì á máa tán, ìfẹ́ mi.”

“Ẹ̀fọn mi, ta ló ń jẹun lẹ́ẹ̀kan láyé?”

Nígbà tí wọ́n padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá, tí wọ́n so àpótí asẹ́ náà mọ́ ọn láyà, ọmọbìnrin náà jókòó sídìí ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń kùn. Atúnrédíò dúró lẹ́yìn tábìlì ìgéṣọ, ó fi ohùn tí Ọlọ́run fún un sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́.”

Bàbá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bàbá ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?” ni ọmọ rẹ̀ béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Mo ti gbọ́ látẹ̀ẹ̀kan. Ó ń dùn mọ́ mi létí ni.” Ó fọwọ́ kan àpótí kékeré tó wà láyà rẹ̀. “Bátìrì yìí ńkọ́? Ta ni á máa pààrọ̀ ẹ̀?”

“Èmi ni, sà.”

“Títí dìgbà wo?”

Atúnrédíò kọ́kọ́ wo ọmọbìnrin náà. “Títí ayé, sà.”

Bàbá fa tépù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn rẹ̀.

“Sún mọ́bí, Ohùn-Ẹ̀fọn, kí n wọn èjìká ẹ. A kì í fojú wọn aṣọ ìgbéyàwó.”