Ẹ̀bẹ̀ Orí Ẹní ní Mótúfà

Odi abẹ̀mí kẹta kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀mọ̀wé Orímisàn, ọmọ Ìlàjẹ tó dá irú odi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, dúró lórí afárá onígi, ó ń wò ó bó ṣe funfun báláú lábẹ́ omi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn ẹranko tíntìntín kan wà nínú òkun tí à ń pè ní iyùn. Wọ́n máa ń kọ́ ilé òkúta fún ara wọn, òkìtì ilé wọn a sì máa dá ìgbì dúró. Orímisàn ti yí ẹ̀dá wọn padà kí wọ́n lè tètè kọ́lé, kí wọ́n di odi fún etíkun wa tí òkun ń jẹ lọ. Ṣùgbọ́n omi ayé ìgbà náà ti gbóná jù. Gbogbo èyí tó gbìn ló ń kú, ìgbì ńlá ọdún náà sì ku ogójì ọjọ́.

Iyùn kan ṣoṣo ló kù láyé tí ooru ò rí gbé ṣe. Ó wà ní Mótúfà, orílẹ̀-èdè kékeré tó ní erékùṣù mẹ́fà láàárín Òkun Pàsífíìkì. Orímisàn àti igbákejì rẹ̀, Láníyọnu, fò lọ síbẹ̀.

Wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyá Terúyà, olórí àwọn àgbà ìlú, mú wọn káàkiri. Ó fi ọ̀sà hàn wọ́n, omi rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè ka ẹja inú rẹ̀. Ó mú wọn dé ilé ìpàdé, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jókòó jó, tó jẹ́ ọwọ́ àti ojú nìkan ló ń jó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé etí ihò ńlá kan, níbi tí àwọn àjèjì ayé àtijọ́ ti wa ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ tọkọ̀ tọkọ̀.

“Àwọn náà bẹ̀ wá dáadáa,” ni Terúyà wí. Ògbufọ̀ etí, ẹ̀rọ kan tí kò ju ẹ̀wà lọ, ń sọ ọ́ di Yorùbá fún àwọn àlejò. “Baba ńlá mi ò lè kọ̀. Níbí, bí ẹnì kan bá wá bá ọ lórí ẹní, tó tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ, dandan ni kí o fún un. Ìdí nìyẹn tójú fi máa ń tì wá láti tọrọ. Ohun tí onítọ̀hún lè ṣe láìní nìkan là ń tọrọ.”

Àárín ọ̀sà ni Ìyá Iyùn wà. Ó ga ju ilé alájà méjì lọ, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún, òun ló sì bí gbogbo iyùn tó yí Mótúfà ká. Orímisàn ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ gan-an, lòun fẹ́ gé lọ gbìn sétíkun wa.

“Ẹ dúró kó bímọ tán,” ni Terúyà wí. “Oṣù méje ló kù.”

“Ìyá, ogójì ọjọ́ ò pé mọ́ fún wa. Ilé àwọn èèyàn mi ń wó.”

“Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé e báyìí, kò ní bímọ mọ́.”

“Ẹ̀rọ mi sọ pé yóò sàn.”

“Ṣé ẹ̀rọ rẹ ti rí i rí?”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Orímisàn ká ẹní kan, ó fi í há abíyá. Láníyọnu dì í lọ́wọ́ mú.

“Ọ̀mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é báyìí. Ẹ mọ̀ pé ìyá yẹn ò lè kọ̀.”

“Ẹ̀bẹ̀ lásán ni mo fẹ́ bẹ̀. Ṣé a kì í bẹ àgbà nílé wa ni? Bí kò bá wù wọ́n, kí wọ́n kọ̀.”

Irọ́ ló pa, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Nílé wa, ẹni tí a bẹ̀ lè mirí, ó lè ní ká padà wá lọ́la. Kì í ṣe ilé wa ló wà.

Ó tẹ́ ẹní náà níwájú Terúyà, ó kúnlẹ̀ lé e, ó tọrọ ọkàn Ìyá Iyùn. Omi lé ròrò sójú Terúyà.

“Mú un,” ló wí. Ó dìde, ó sì lọ wá ọkọ̀ ojú omi tí wọn yóò fi gbé e.

Odi kẹrin yè. Ìgbì ńlá dé, ó forí sọ ọ́, ó padà. A jó, a yọ̀, àwọn kan tiẹ̀ sọ ọmọ wọn ní Orímisàn. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí irúgbìn náà ti wá. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, n kò béèrè.

Ìyá Iyùn ò bímọ lọ́dún náà, kò sì bí lọ́dún kejì. Òkìtì tó yí Mótúfà ká ń rún wómúwómú, òkun sì wọlé. Lọ́dún kẹrin, wọ́n kó àwọn èèyàn ibẹ̀ kúrò, àádọ́ta nínú wọn sì gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Terúyà wà lára wọn.

Ọ̀sán ni Orímisàn lọ bá a ní èbúté. Ìyá náà jókòó sórí ẹní láàárín ẹrù, ó ń wo odi wa.

“Ó ti dàgbà dáadáa,” ni Terúyà wí.

“Ìyá, ẹ bú mi.”

“Kí ni n ó bú ọ sí? O tọrọ, mo fún ọ.”

Ẹ̀bi ọdún mẹ́rin ru sókè lọ́kàn Orímisàn. Ó wólẹ̀ lórí ẹní náà, ó ń sunkún bí ọmọdé.

“Ìyá, ìdáríjì ni mo wá—”

Terúyà sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

“Má tọrọ rẹ̀,” ló wí. “Bí o bá tọrọ rẹ̀, dandan ni kí n fún ọ. N kò sì ní in.”