Ẹsẹ̀ Ajíbádé Nílé Kejì

Ọlábísí ṣe ohun tí kò tọ́. Ẹrù tí Ọlọ́run gbé rù ú, ó gbé e ru aládùúgbò rẹ̀, ó sì tún dúró nínú ìjọ, ó dúpẹ́ lé e lórí.

Ọdún mẹ́ta ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Ajíbádé ọkọ rẹ̀ wó ní àdúgbò Ṣàngó. Ọlábísí ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, kó tó sáré lọ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Bí ọkùnrin náà bá rìn, ẹsẹ̀ òsì á máa wọ́ nílẹ̀: wọ́ọ́, wọ́ọ́. Ìró náà ti sú obìnrin yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó ń fọ aṣọ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó sì ń kùn sí Ọlọ́run.

"Olúwa, ṣé èmi nìkan lo rí ni? Sọ̀ mí o, ó ti wúwo jù."

Nígbà tó gbójú sókè, obìnrin kan ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn aṣọ. Géètì ò dún. Aṣọ funfun ló wọ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo aṣọ orí okùn ń jó, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ò mì rárá.

"Mo wá sọ̀ ọ́," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Àmọ́ ẹrù kì í dúró lófuurufú. Ta ni kí n gbé e rù?"

Ọlábísí gbà pé áńgẹ́lì ni. Kò bi í ní orúkọ, kò pe Jésù. Àsìkò náà gan-an ni Husseinat aládùúgbò wọn, tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Tuntun, bú sẹ́rìn-ín lódìkejì ògiri. Ẹ̀rín náà ta Ọlábísí lára.

"Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn," ó ní. "Ara rẹ̀ le."

Kó tó ṣẹ́jú, kò rí ẹnì kankan mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ajíbádé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlábísí jẹ́rìí, ìjọ pàtẹ́wọ́ títí. Ajíbádé nìkan ni kò jó. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Àwọn tó ń bá wọn yọ̀ ò jẹ́ kí Ọlábísí ráyè yọjú sí aládùúgbò kankan.

Lọ́jọ́rú, wọ́n ń jẹun, ọkọ rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ìyá Tóyìn, ṣé o gbọ́ ọ?"

"Kí ni?"

"Ẹsẹ̀ mi. Ilé kejì ló wà."

Wọ́ọ́, wọ́ọ́. Láti ẹ̀yìn ògiri ló ti ń wá.

Ọlábísí sáré lọ. Husseinat ló bá, ó di ògiri mú, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Ìyá Tóyìn. Ẹnu mi kàn ń ṣe fáàrí ni. Láti àárọ̀ Àìkú ni. Àlùhámúdùlílàhì, ohun tí Ọlọ́hun bá gbé fún wa la ó gbé. Ṣùgbọ́n àdúrà tí ẹ gbà fún ọkọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba díẹ̀ níbẹ̀."

Ọlábísí padà sílé, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ajíbádé. Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Orí kì í tóbi kí olórí má lè gbé e," ó ní. "Lọ gba ẹrù mi wá."

"Ẹ ó tún dùbúlẹ̀ o, Bàbá Tóyìn."

"Mo mọ̀. Ojú gbogbo èèyàn ni kí o ti sọ ọ́."

Ọlábísí lọ sẹ́yìn ilé, ó pe obìnrin aláṣọ funfun náà títí. Kò dáhùn. Ohun tó ń dáhùn ìkùnsínú kì í dáhùn ìrònúpìwàdà. Nígbà náà ló wólẹ̀.

"Olúwa, mi ò ní kí o sọ̀ mí mọ́. Fún mi lọ́rùn tí màá fi rù ú."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn àfáà àti ará àdúgbò péjọ sí iwájú ilé Husseinat láti ṣàdúà fún un. Ọlábísí wọ àárín wọn, ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn.

"Ẹ dìde, tíṣà," ni Muhammad Awwal, ọkọ Husseinat, wí. "Kí lẹ ṣe?"

Kò dìde. Husseinat ló kọjú sí.

"Ìyá Zahrah, àìsàn ara rẹ yìí, tiwa ni. Èmi ni mo nawọ́ sí ọ kí wọ́n gbé e rù ọ́, torí pé ò ń rẹ́rìn-ín, ayé sì ti sú mi. Mo tún parọ́ mọ́ Ọlọ́run nínú ìjọ. Mo ṣẹ Ọlọ́run, mo sì ṣẹ̀ ọ́. Lójú gbogbo yín, mo ní kó padà sílé wa, a ó gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."