Ọwọ́ Ni Ó Fi Ń Rìn

Ọkùnrin kan rọ̀ dirodiro sára òrùlé àhámọ́ tuntun láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ méjèèjì ló fi di irin mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń mì nísàlẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Òjò ń rọ̀ wínníwínní. Àyà obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọ̀bọ inú ọgbà ẹranko náà já. Ó rò pé àkàbà ló yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ló bá sọ garawa oúnjẹ sílẹ̀, ó sáré lọ gbé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni ọkùnrin náà wí látòkè. "Èmi àti àkàbà yẹn kì í ṣọ̀rẹ́."

Ó ń fi ọwọ́ gba ọwọ́ lórí irin títí ó fi dé ìdí òpó, ó yọ̀ wálẹ̀, ó sì mú ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó rí i pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti gan, kò ṣeé ká. Wẹ́dà ni, ẹni tó ń jó irin pọ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, láti ìgbà náà ló ti jẹ́ pé apá ló ń gbé e dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè gbé e dé mọ́.

Ọlọ́wọ́-Gígùn ló ni ilé tó ń kọ́ ọ̀hún. Ọ̀bọ àgbà kan ni, apá rẹ̀ gùn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ kò ga ju orí ènìyàn lọ. Ilẹ̀ ló ń rìn níbẹ̀, á gbé apá méjèèjì sókè bí ẹni tó ń la odò kọjá. Wẹ́dà ti ṣe àkàbà mẹ́ta àti pákó ìjókòó sínú ilé tuntun náà, iṣẹ́ tó dán gbinrin. Obìnrin náà wò ó tán, ó ní kó tú gbogbo rẹ̀.

Inú bí wẹ́dà. Ó ti gbọ́ orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń pe obìnrin náà, ó sì fi pè é. "Ìyá Ọ̀bọ, kí ló ṣe iṣẹ́ mi?"

Obìnrin náà ní kó tẹ̀ lé òun. Wọ́n kọ́kọ́ dúró níwájú akítì. Ó ní ọmọ pápá gbalasa lèyí, níbi tí igi ti jìnnà síra, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba, tó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹdun. Ó ní igbó gíga ni ti èyí, àlàfo ló wà láàárín ẹ̀ka kan sí èkejì, itan rẹ̀ ló sì fi ń fò ó. Ìgbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́wọ́-Gígùn, ohùn obìnrin náà rọ̀. Nílé tirẹ̀, ó ní, orí àwọn igi kan ara wọn, ṣóńṣó ẹ̀ka tín-ín-rín ni èso tó dùn wà, ẹni tó bá rọ̀ sábẹ́ ẹ̀ka ni ọwọ́ rẹ̀ ń tó o.

"Ọwọ́ ló fi ń rìn. Ẹ wá fún un ní àkàbà. Ẹ ti sọ ọ́ di arọ nìyẹn."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń wo ọ̀bọ àgbà yẹn, ó ní ọ̀rọ̀ náà yé òun ju bí ó ṣe rò lọ.

Ó tú àwọn àkàbà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Wọ́n fi tépù wọn apá ọ̀bọ náà kí wọ́n tó mọ bí páìpù kan yóò ṣe jìnnà sí èkejì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. "Ẹ̀yin" di "ìwọ" láàárín wọn. Ó bi obìnrin náà lọ́jọ́ kan pé irú ọ̀bọ wo ni òun. Obìnrin náà ní irú èyí tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán olóúnjẹ ni. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún kò tíì pé tí wẹ́dà fi sọ pé òun fẹ́ fi obìnrin náà ṣe aya, tí obìnrin náà sì gbà.

Ìyá obìnrin náà ni kò gbà. Àjà kẹrin ni ìyá àti ọmọ ń gbé, eékún tó ń dun ìyá kò sì jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ láti ọdún méjì. Akunlé ni bàbá, òkè ilé lòun náà ti já bọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi dùbúlẹ̀ kó tó kú, ìyá ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

"Mo ti gbé ọkùnrin fún ọdún mẹ́fà," ni ìyá wí. "Ìwọ ò ní gbé tìẹ. Bó bá dá a lójú, kó gòkè wá tọrọ ẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì dì í mú."

Àtẹ̀gùn ilé náà ṣókùnkùn, ó há, irin ìfọwọ́mú rẹ̀ sì ti bọ́ láti ayébáyé. Wẹ́dà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ní àjà kejì, ẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́, ó fi ojú gbá sìmẹ́ǹtì, àwọn aládùúgbò ló gbé e dìde. Nísàlẹ̀, ó sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé ìyá rẹ̀ kò parọ́. Dókítà ti ní ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ń bọ̀ wá gan. Ó ní kó fi òun sílẹ̀, kò sì wá sí ọgbà mọ́. Ẹlòmíràn ló kun irin tó kù.

Ẹkún ni obìnrin náà ń fi ṣiṣẹ́. Wọ́n kó Ọlọ́wọ́-Gígùn wọ ilé tuntun, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló sì fi ń rìn nílẹ̀ níbẹ̀, tapá-tapá lókè bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, nínú òjò, ó fọwọ́ kan páìpù. Ó rọ̀ mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ kejì, ó bá òmíràn níbi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́, ó sì fì lọ dé òpin ilé, ó fì padà.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ibi tí obìnrin náà ti ń sunkún ni ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ti padà wá bá a. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó mú tépù ọgbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà.

"Na apá ẹ."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Èmi tí mo bá ọ jà nítorí àkàbà, èmi náà ni mo dúró tí ìyá mi ní kí o gun àtẹ̀gùn. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́, ìfẹ́ mi?"

"Mo gbọ́ nígbà tí o sọ ọ́. Na apá ẹ."

Alábòójútó ilé tí ìyá ń gbé kò bá wọn jiyàn, ó ti pẹ́ tí àwọn ayálégbé ti ń bèèrè irin ìfọwọ́mú. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi de páìpù mọ́ ara ògiri látìsàlẹ̀ dé àjà kẹrin, bí apá wẹ́dà ṣe gùn tó ni wọ́n fi wọn àlàfo àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń dún bọ̀ látìsàlẹ̀. Yóò dún, yóò dákẹ́ pẹ́, yóò tún dún. Ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé wẹ́dà lẹ́yìn láìfọwọ́kàn án. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí ọkùnrin náà tó yọ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì lè dúró mọ́, orí ìloro ló jókòó sí. Ó kí ìyá, ó ní òun wá tọrọ ọmọ wọn.

Ìyá wò ó títí. "Wọ́n ní ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ń bọ̀ wá gan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò ní parọ́ fún yín."

"Lọ́jọ́ tí ọwọ́ náà bá wá kọ̀ ńkọ́?"

Obìnrin náà ló dáhùn látẹ̀yìn ọkùnrin náà. "Èmi ni n ó gbé e, Mọ́mì."

Omi lé ròrò lójú ìyá. Ó yí ojú sí fèrèsé tí òjò ń gbá. "Ọdún mẹ́fà yẹn," ló wí, "àwọn aládùúgbò á ní kí àwọn bá mi gbé bàbá ẹ. Mi ò gbà fún wọn rí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Ó yí padà, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Ọwọ́ ọkọ ẹ ń ṣẹ̀jẹ̀."