Alága Ti Pín In Tán Kí Ó Tó Bèèrè

Ìpàdé tó bá tètè tán ni Bàbá Bánjọ fẹ́ràn. Lọ́dún 1956, nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin ní ẹ̀rọ ìfínkòkó kan ṣoṣo ní ọ̀nà oko Ìṣẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi láti pín bí wọn yóò ṣe máa lò ó. Òun ni alága, òun náà ló dàgbà jù, iyán rẹ̀ sì ti wà nínú odó.

"Oko mi la óò ti bẹ̀rẹ̀," ni ó wí. "Lẹ́yìn náà ti Àkànní, ti Ọdúnayọ̀, kí ti Abigail gbẹ̀yìn. Ṣé ó tẹ́ wa lọ́rùn?"

"Ó tẹ́ wa lọ́rùn, bàbá," ni àwọn ọkùnrin méjèèjì dáhùn.

Abigail, opó tí oko rẹ̀ wà létí odò, la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Bàbá rí i. Ó ní kí wọ́n gbàdúrà ìparí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà kọ́ ẹ̀yìn lọ sí oko Abigail. Kòkó ibẹ̀ ti rà, ó dúdú bí èédú. Abigail ń já wọn dànù.

"Ti etí odò ló máa ń kọ́kọ́ rà," ni ó wí, kò wojú bàbá. "Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́sí nìyẹn. Kòkó yìí ni mo fẹ́ fi rán Dúpẹ́ ọmọ mi lọ sí ulé ẹ̀kọ́ n'Ìkẹ́rẹ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́? Mo ṣáà bèèrè."

"Ẹ ti pín in tán kí ẹ tó bèèrè, bàbá. Ṣé kí n wá máa bá yín jiyàn ni?"

Ojú ti bàbá gidigidi. Kò lè sọ pé òun ò mọ̀, nítorí ó rí ẹnu obìnrin náà lọ́jọ́ ọ̀hún, iyán ló sì ń rò.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer, tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìfínkòkó, dé, bàbá kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un.

"Àbí ẹ̀rọ kan ò tó wa ni?"

"Ó tó, bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ ju 'bẹ́ẹ̀ ni' lọ? Ẹni tó kéré jù ni kí ẹ máa kọ́kọ́ bi. Kí tiyín gbẹ̀yìn."

Ní ìpàdé kejì, bàbá dìde, ó bẹ Abigail lójú gbogbo wọn.

"Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Oko ta ni ká ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ṣùgbọ́n n kò ní nǹkan tí mo máa fín mọ́ lọ́dún yìí. Ẹ bi Ọdúnayọ̀."

Bàbá bi Ọdúnayọ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kí bàbá gbé orí sókè.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ àti olórí ẹbí, "bẹ́ẹ̀ ni" tí ẹnìkan fi ojútì sọ kì í ṣe ìtẹ́lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí kálukú sọ tirẹ̀ kí ẹ tó sọ tiyín. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó la ẹnu tó tún pa á dé, ẹ bi í léèrè lójú ẹsẹ̀, nígbà tí kòkó rẹ̀ ṣì wà lórí igi.